Ògì Àsmá'ù àti Àpò Oúnjẹ Funfun

Ẹnu ló pọ̀ lára Àsmá'ù ará Adigbe, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kún ṣíbí. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Haleemah. Haleemah sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Sàfúrátù aláró bí ní Òwu.

Ìfun Haleemah ló lu. Àwọn dókítà là á níkùn, wọ́n rán ìfun náà, wọ́n ní fún ọjọ́ mẹ́wàá, omi lásán kò gbọdọ̀ gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, kí ojú rírán má baà já, kó má lọ gbẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n gbé àpò oúnjẹ funfun bíi mílíìkì kọ́, ó ń kán tó, tó, tó wọ inú iṣan rẹ̀. Sàfúrátù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ aró. Bí aró inú ìkòkò kò bá tíì tó í lò, ẹni tó bá ki aṣọ bọ̀ ọ́ ti ba aṣọ jẹ́, ó ti ba aró jẹ́. Ó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò.

Lọ́jọ́ kẹfà ni Àsmá'ù já wọ yàrá ilé ìwòsàn, fúláàsì ògì lábẹ́ ìborùn. Kò tíì kí aláìsàn tó fi yọ ṣùtì sí àpò.

"Èyí ni wọ́n ń pè lóúnjẹ? Ẹ̀jẹ̀ wá ní eyín bí? Màmá, ebi ni wọ́n fẹ́ fi pa ìyàwó wa!"

"Dókítà ní ká má fún un ní nǹkan kan, àna mi."

"Dókítà wo? Ọmọ àná yẹn tí kò tíì hu irùngbọ̀n?"

Sàfúrátù wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wo àdìrẹ tó ṣí. Ó jáde lọ kírun Àlàásárì.

Ìgbà tó padà, ṣíbí ti dé ètè ọmọ. Ìyàwó ilé kì í kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá nà sí i. Ẹnu Haleemah ti ń là díẹ̀díẹ̀. Sàfúrátù já ṣíbí gbà, ó kó o sẹ́nu ara rẹ̀. Ó gba fúláàsì, ó dà á sọ́fun, gbì, gbì, títí ó fi gbẹ. Ó nu ẹnu.

"Ẹ ṣé, àna mi. A ti bá aláìsàn tọ́ ọ wò. Ó kan jù, bí ìwà ẹni tó sè é."

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Àsmá'ù gbá fúláàsì òfìfo mọ́yà, ó pòṣé jáde.

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ojú rírán jiná. Haleemah ní ògì ló ń wu òun. Ìyá rẹ̀ ló sè é.

Àsmá'ù wá ń sọ káàkiri Adigbe pé ògì òun ló wo ìyàwó àwọn sàn. Ẹ jẹ́ kó máa wí. Ikùn tó mu ògì ọ̀hún ń gbọ́ ọ, ó ń fi í rẹ́rìn-ín.