Ọ̀rọ̀ Tó Ń Dá Ẹṣin Dúró

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Blackley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń bẹ̀rù ajá àti òkùnkùn, ohun mẹ́ta lèmi ń bẹ̀rù: igbó, ẹṣin, àti ojú Mọ́mì. Ti igbó, Ìyá Àgbà ló fi ìtàn rẹ̀ kó o sí mi lórí. Ti ẹṣin, inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo ti rí i, àmọ́ eyín rẹ̀ tó dẹ́rù bà mí. Ti ojú Mọ́mì, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí, tí òbí yín jẹ́ Yorùbá, ẹ ò nílò àlàyé. Tí Mọ́mì bá wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú àlejò, fúnra ẹ lo máa dá ẹran padà sínú àwo.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, a gbọ́dọ̀ ti fọ abọ́, ká ti gbálẹ̀, kí omi sì ti máa hó dè é, kó lè ro ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún tí à ń pè ní iyán nígbà náà. Iyán kọ́ o, ṣùgbọ́n à ń jẹ ẹ́. Bí abọ́ kan bá ṣẹ́kù, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ sókè, ojú sí ògiri. Bí mo bá sì fèsì, èékánná ló máa fi já mi nítan. Òwe kan ló ní fún mi: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, níí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo lẹ́nu nígbà náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́dún tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, òyìnbó arúgbó kan tí Mọ́mì tọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ní òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin òun gbé wa yíká igbó kan lápá Cheshire. Bàbá Ẹlẹ́ṣin la sọ ọ́. Dádì lọ síbi iṣẹ́. Èmi, Mọ́mì, Ìyá Àgbà àti àbúrò mi Bísí, ọmọ ọdún mẹ́rin, la lọ. Mọ́mì di ráìsì àti ọbẹ̀ ata sínú kúlà. Ìyá Àgbà wọ kóòtù Dádì lé ìró rẹ̀ lórí. Nígbà tó rí kẹ̀kẹ́ náà, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

Mo rò pé igbó náà máa ṣókùnkùn bí èyí tó wà nínú ìtàn Ìyá Àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn igi jìnnà síra wọn, oòrùn ń wọlé, ọ̀nà náà gbòòrò, wọ́n sì ri òpó kéékèèké tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí mọ́lẹ̀, kí ẹlẹ́ṣin má bàa ṣìnà. Òórùn ewé tútù àti ti ìgbẹ́ ẹṣin gba afẹ́fẹ́ kan. Ìyá Àgbà bá tẹ̀ sí mi létí: igbó tí à ń rí òdìkejì rẹ̀, wọ́n ń rí àwa náà níbẹ̀. Ta ni "wọ́n"? Mo sún mọ́ ọn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré gun igi. Mo nàka sí i, mo ké sí àbúrò mi pé, "Bísí, wò ó!" Ẹṣin dúró gbagidi. Gbogbo wa ta síwájú. Bàbá Ẹlẹ́ṣin pàṣẹ fún un, a tún ń lọ. Kò pẹ́, mo rí ẹyẹ ńlá kan. "Wò ó!" Ẹṣin tún dúró. Bàbá Ẹlẹ́ṣin rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá ṣàlàyé fún Mọ́mì pé ohun tí mò ń sọ yẹn gan-an bá "whoa" tí òyìnbó fi ń dá ẹṣin dúró mu, àti pé ẹṣin òun kì í bèèrè ẹni tó sọ ọ́. Ìyá Àgbà ò gbọ́ òyìnbó, kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn pariwo "Wò ó!" láti dán an wò ni.

Ọbẹ̀ ata dà sí síkẹ́ẹ̀tì funfun Mọ́mì.

Kò pariwo. Ó fi èékánná já mi nítan, ó sì rọra sọ pé, "Fọlákẹ́, tí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ lónìí! Di àbúrò ẹ mú, kó o pa ẹnu ẹ dé. A jọ ń lọlé ni." Ẹ̀yin náà mọ "a jọ ń lọlé". Ilé ò wù mí í dé mọ́.

Níwájú, ẹ̀ka igi ńlá kan wó dí ọ̀nà. Bàbá Ẹlẹ́ṣin so okùn ìjánu mọ́ ìjókòó rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Mọ́mì ní kò lè dá a gbé, pé ẹ̀yìn tí òun fọwọ́ ara òun tọ́jú kò ní bàjẹ́ lójú òun. Òun náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀ka náà títí ó fi kúrò lọ́nà, ló bá kán: pàá! Ẹṣin ta kìjí, ó sì gbéra. Mo rí Mọ́mì tó fò sẹ́yìn, tó lanu, lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí i mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ gbọ́! Irú rẹ̀ ò tún bà mí mọ́ títí dòní. Àwọn òpó ń kọjá wìì, wìì. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó dijú, ó ń pe Jésù. Bísí wà láàárín ẹsẹ̀ mi, kóòtù rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo lanu báyìí, ojú Mọ́mì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo pa ẹnu mi dé. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ẹṣin ṣì lè ṣàánú mi.

Kẹ̀kẹ́ fò lórí gbòǹgbò kan. Bísí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó forí gbá irin. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà lajú, ó rí i, ó figbe ta: "Yéè! Fọlákẹ́, wò ó! Wò ó, ọmọ ti ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ẹṣin dúró.

Mọ́mì sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó fi gèlè Ìyá Àgbà di orí Bísí, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì rán egbò náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Àgbà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun bá ẹṣin òyìnbó sọ Yorùbá, ó sì gbọ́. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mọ́mì gbá mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí. Èmi ń rò pé ẹnì kan máa bèèrè ibi tí ẹnu tèmi wà nígbà tí ẹṣin ń sáré.

Ìyá Àgbà ti kú, kò gbọ́ òótọ́ náà. Bísí ń fi irun bo àpá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Mọ́mì jókòó ní kíṣìnì mi, ó ń fi ìtàn náà pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé, "Mọ́mì, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ ni." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó bi mí pé:

"Ṣé èmi lo wá bẹ̀rù ju ikú lọ?"

Mo gbé ṣíbí náà, mo lọ fọ̀ ọ́.

Láyé ìgbà tiwa, ojú lásán ni wọ́n fi ń tọ́ wa, ó sì tọ́ wa lóòótọ́. Tòde òní, àwọn ọmọ wa ń bá wa jiyàn nídìí oúnjẹ, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń ráhùn pé ẹ̀rù àgbà ò bà wọ́n mọ́. Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tí mo bá ń fi ìbínú wakọ̀, láti ẹ̀yìn ló ti máa pariwo mọ́ mi: "Mọ́mì, eré yẹn ti pọ̀ jù! Ẹ rọra!" Nígbà míì, ìyá mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, á yíjú wò mí. Mo máa ń tẹ bíréèkì.