Ìró Tí Màámi Fi Ń Bo Ayékòótọ́

Èmi àti ọmọ mi ń ká aṣọ ní lọ́ńdírì ìsàlẹ̀ ilé wa ní Bronx, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn pé ayékòótọ́ ilé wa ti kú. Mo fi aṣọ gbígbóná tó wà lọ́wọ́ mi bojú, àfi bíi pé mo tún wà lábẹ́ ìró Màámi.

Alaalẹ́ ni Màámi máa ń fi ìró bo ilé ẹyẹ náà nítorí ẹ̀fọn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n bò ó lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Màámi, ilẹ̀ ò tíì ṣú o."

"Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kó sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Wọ́n ti sọ fún wa pé ìrìn àjò ni Bàámi lọ. Bí Màámi ṣe wọ kíṣìnì, mo ki orí bọ abẹ́ ìró. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, òórùn ẹ̀pà àti ìyẹ́ kún un. Ẹyẹ náà wúkọ́ bíi Bàámi, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, oúnjẹ dà?"

"Ó ti ń jinná, Bàbá Bọ́lá," ni Màámi dáhùn láti kíṣìnì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ṣíbí já bọ́.

Bí Màámi ṣe dáhùn, mo rò pé Bàámi ti dé lóòótọ́, mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò sẹ́nì kankan níta.

Wọ́n ti sin Bàámi kí ọ̀sán yẹn tó dé.

Láti ìgbà náà, Màámi ò bo ẹyẹ yẹn mọ́, àní lóru pàápàá.

Ọmọ mi fa aṣọ kúrò lójú mi. "Mọ́mì, ta ló kú?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣebí ó ti kú tipẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ohùn wọn ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wa, òun náà ti lọ."