Ọwọ́ Tí Kì Í Kọ Lọ́fínńdà

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí mọ́sálásí wa padà lẹ́yìn àrùn Kòrónà ni ọwọ́ wíwò wọ̀ mí lára. Lèmọ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi sí Bẹyẹrúnkà, gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: wàá yíjú sí ẹni tó wà lọ́tùn-ún, wàá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá yíjú sósì, wàá bọ ìyẹn náà lọ́wọ́, wàá wá fi ọwọ́ kan àyà. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ gbogbo wa dìde bó ṣe máa ń dìde, ló bá dúró sójú afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Ẹni iwájú mi na ìgúnpá. Ẹnìkejì rẹ̀ na ìkúùkù, ìkúùkù bá gba ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàbá arúgbó kan ló wá fi ẹ̀rín pa mí: ó di orí tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú, ó na ìdí rẹ̀ sí ẹnìkejì, ìyẹn náà gbá a mú, àwọn méjèèjì wá ń mì í bí ẹni tó ń fa okùn ewúrẹ́.

Mo fi apá agbádá bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Kí n tó rí bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ti di ẹni tó ń wo ọwọ́.

Aago ni mo ń tún ṣe nísàlẹ̀ Mápó, ojú mi sì ti mọ́ ohun kéékèèké. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọwọ́ wíwò, èmi náà ni mo kọ́ ara mi. Mo ń kírun Jímọ̀ kan ní Òjé, mo ń kí òmíràn ní Bẹẹrẹ, kí n ṣáà lè mọ bí ìbọwọ́ ṣe ń padà bọ̀ wálé. Òjé, ọjà àwọn aláṣọ òkè, ló kọ́kọ́ padà, n kò sì jẹ́ jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni: ọwọ́ tó ti ń fa aṣọ wò láti àárọ̀ kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní Pópó Yemọja, àwọn ọ̀dọ́ kò fi ìkúùkù sílẹ̀ mọ́ títí di òní, wọ́n tilẹ̀ ti fi ìka títa kún un. Mo sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó ń mi orí lásán, ọwọ́ alángbá ni tirẹ̀. Ẹni tó kàn ọ́ tó sì yọ̀ bọ́rọ́, ọwọ́ ẹja. Ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, tó wá ki ọwọ́ bọ àpò lọ fi sanitáísà ra á níkọ̀kọ̀, ọwọ́ olè nìyẹn!

“Awòwọ́ ti dé o,” ni wọ́n máa ń wí bí mo bá yọ. “Ẹ kó ọwọ́ yín pamọ́!”

Ọwọ́ kan ṣoṣo ni n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ bàbá mi ni.

Fìlà ni bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára. Nígbà àrùn yẹn, ó ṣèlérí fún ìyá mi, ẹni tí ikọ́ fée máa ń bá jà, pé òun kò ní bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sì mú un ṣẹ. Àrùn kásẹ̀ nílẹ̀, ìbòmú di èyí tí wọ́n fi ń nu kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, síbẹ̀ bí lèmọ́mù bá ti sálámà, ọwọ́ bàbá mi á ti wọ abẹ́ agbádá lọ. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ní òun ti dá a sílẹ̀. Ọwọ́ náà kò gbọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Àlájì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta awọ ní Ọjà'ba. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n lọ, orí ẹní kan náà ni wọ́n ti kọ́ álífù. Láti kékeré, apá ọ̀tún bàbá mi ni Àlájì máa ń dúró sí kírun. Ó na ọwọ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ní Jímọ̀ kan, a wò, a kò rí i lápá ọ̀tún mọ́. Ó ti lọ dúró sẹ́yìn òpó, lọ́hùn-ún.

“Ṣé ẹ̀tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi ni?” ló bi mí nígbà tí mo bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. “Sọ fún bàbá rẹ pé ó ti yé mi.”

Mo jíṣẹ́. Bàbá mi ní, “Ta ló dárúkọ ẹ̀tẹ̀? Ọkàn mi kí i.”

“Ọkàn kì í bọwọ́ o, Bàbá,” ni ìyá mi dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá mi ran òdòdó tó yẹ kó wà lórí fìlà sí ìdí fìlà. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí àwọn méjèèjì bá lọ kú báyìí ńkọ́, òpó láàárín wọn?

Iṣẹ́ awòwọ́ mi ló yọ mí. Ní mọ́sálásí wa, kí hùtúbà, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, tó bẹ̀rẹ̀, bàbá kan máa ń gbé ìgò lọ́fínńdà kékeré kiri láti ìlà dé ìlà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, á di ìka rẹ mú kí òróró má baà kán sílẹ̀, á wá fi ọ̀pá ìgò náà fà á. Jímọ̀ kan ni mo rí i: bàbá mi, tí kì í fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, na ọwọ́ sí i láìwo ẹ̀yìn! Wọ́n ti kọ́ wọn nílé kéwú pé sùnnọ̀, ìlànà Ànábì, ni, a kì í kọ òórùn dídùn. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo nínú mọ́sálásí.

Mo sáré lọ sí Ọjà'ba. “Àlájì, ẹ̀yin ni kí ẹ pín lọ́fínńdà lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Èmi tí mò ń ta awọ? Kí àwọn èèyàn máa gbọ́ òórùn ewúrẹ́ níwájú Ọlọ́run?”

“Ẹ ṣáà gbé ìgò.”

Ó wò mí títí. Nígbà tó yé e, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Olóríburúkú ọmọ yìí!” Ó sì lọ gba ìgò lọ́wọ́ bàbá yẹn, ẹni tí orúnkún ti ń dùn, tó sì ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Àlájì kò mọ ìwọ̀n. Bí ẹni ń ra epo sí awọ ló ṣe ń ra á sọ́wọ́ àwọn èèyàn, gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi na ọwọ́, ojú rẹ̀ ń wo iwájú. Àlájì gbá a mú. Àtàǹpàkò Àlájì le bí awọ gbígbẹ, kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Ọwọ́ bàbá mi mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè. Àlájì kò jù ú sílẹ̀, òróró ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí lèmọ́mù fi dìde fún hùtúbà. Ẹ sì mọ̀ pé bí hùtúbà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ máa la àárín ìlà kọjá. Àlájì kò lè padà sẹ́yìn òpó mọ́. Ó jókòó síbi tó bá ara rẹ̀, lápá ọ̀tún bàbá mi.

N kò lè sọ ohun tí hùtúbà ọjọ́ náà dá lé lórí. Ọwọ́ ni mò ń wò. A kírun, lèmọ́mù sálámà, bàbá mi yíjú sọ́tùn-ún. Ọwọ́ kúrò lábẹ́ agbádá. Ó nà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, òróró mú kó yọ̀, wọ́n tún un mú.

“O ra mí lóróró bí ẹni ń rẹ awọ,” ni bàbá mi wí.

“Awọ tìrẹ le ju ti òbúkọ lọ,” ni Àlájì fèsì. “Ó pẹ́ kó tó rọ̀.”

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye èèyàn tí bàbá mi ń bọ̀ lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlájì nìkan ni. Lẹ́yìn náà, Àlájì àti ẹni òsì. Lẹ́yìn náà, ìlà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí i, ó sì ń gbà á. Ní Jímọ̀ tó kọjá, èèyàn mọ́kànlélógún ló bọ̀ lọ́wọ́ kó tó dé ìdí bàtà rẹ̀, kò sí ọwọ́ ẹja kan nínú wọn. N kò ka Àlájì mọ́ ọn, torí nígbà tí mo jáde, wọn ò tíì ju ara wọn sílẹ̀.