Kọfí Tí Bàbá Ń Fi Ojú Yan

Iṣẹ́ panẹ́lì-bítà ni Bàbá wa fi tọ́ wa. Bàbá Òòlù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Òòlù tí wọ́n fi ń lu ara ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ti sọ etí wọn di ti ọ̀ṣọ́ lásán: wọ́n ní in, wọn kò fi gbọ́ nǹkan kan.

Màámi ló ń yan kọfí nílé wa. Kóró kọfí tútù tí kò wọ́n ni wọ́n máa ń rà, nítorí iye tí wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti yan máa ń bí wọn nínú. Wọ́n á ní, "Ṣé iná ni wọ́n fẹ́ tà fún mi ni?" Wọ́n á da kóró náà sínú ìkòkò irin, wọ́n á máa rò ó láìdáwọ́ dúró, títí yóò fi máa ta pá, pá, bí àgbàdo tó fẹ́ di gúgúrú. Bí títa náà bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù lójú fèrèsé.

Ìgbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ gba apá ọ̀tún Màámi, ó sì gba ohùn wọn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ohun tó wù wọ́n jẹ mọ́, wọ́n sì ń rù lójú wa. Bàbá ní kọfí ni yóò ṣí wọn lọ́fun.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Wọn ò gbọ́ ìgbà tó ń ta, ojú ni wọ́n ń lò. Mo fọwọ́ kan etí mi, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbọ́ ọ."

"Ta ló ń po ọ̀dà ọkọ̀ nínú ilé yìí? Àwọ̀ wo ló fẹ́ tàn mí jẹ?"

Àbíkẹ́yìn ni mí, ta ló ń gbọ́ tèmi? Mo fọwọ́ lẹ́rán. Kọfí àkọ́kọ́ di èédú. Èkejì korò ju oògùn lọ. Màámi fi ètè kàn án, wọ́n kọjú sí ògiri. Bàbá fúnra wọn ló fọ ife náà, wọn ò jẹ́ kí n rí ojú wọn. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Màámi lórí àga nílé ìdáná. Bàbá ló gbé wọn wá.

"Ìyáa wọn, etí ni wọ́n fi ń yan nǹkan yìí, èmi ò sì ní i. Yá mi ní tìẹ."

Wọ́n fi ìdí ṣẹ́ẹ̀tì wọn sí ọwọ́ òsì Màámi, wọ́n tanná, wọ́n ń rò ó. Kóró kan ta. Màámi ò mira. Ó ń ta pápápá, mo la ẹnu kí n pariwo, Màámi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo pa á dé. Ìgbà tó rọlẹ̀ ni Màámi tó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá sọ ìkòkò kalẹ̀ kíá.

Màámi mu ife kan tán. Bàbá fẹ́ dìde lọ fọ ife, wọn ò lè lọ. Ọwọ́ òsì yẹn ò tíì tú ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí iná.

Bàbá padà jókòó tì wọ́n.

"Mo gbọ́," wọ́n ní. "Mo gbọ́, Ìyáa wọn."