Ọmọ Ẹlẹ́wù Pupa Láàárín Àlàpà Róòmù

Ojú ọ̀run ni iṣẹ́ tèmi. Ní Dafen, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí a ti ń da àwòrán àwọn àgbà ayàwòrán ayé àtijọ́ kọ fún títà, ẹnì kan kì í sábà dá àwòrán yà tán. Èmi á ya sánmà àti ìkùukùu, màá sún un sọ́dọ̀ Nie Guizhen tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun á wá ya àlàpà Róòmù sábẹ́ rẹ̀: òpó tó ti dá sí méjì, ògiri tí koríko hù lórí rẹ̀, ẹnubodè olókùúta tí ìdajì rẹ̀ ti wó. Kò sẹ́ni tó dé Róòmù rí nínú wa. Ṣùgbọ́n tí Guizhen bá ya òkúta, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fọwọ́ kàn án, kó mọ̀ bóyá ó tutù.

Àwọn ayàwòrán àtijọ́ yẹn máa ń fi èèyàn kéékèèké sídìí àwọn òpó náà: obìnrin tó ń pọnmi, darandaran, arúgbó tó ń sinmi. Guizhen ló máa ń yà wọ́n kẹ́yìn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí ìrù eku.

Ó ní ọmọkùnrin kan, Beibei, tó máa ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Guizhen wọlé lọ ṣan búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jáde, àga kékeré tí ọmọ jókòó lé ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ni ò sí. A wá gbogbo àdúgbò. A wo inú gọ́tà, a wo ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Obìnrin tó ń ta ọsàn ní ìkóríta ní òun rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ tó ń sunkún sórí alùpùpù, òun ṣe bí bàbá ọmọ ni.

Ou Shuisheng, ọkọ Guizhen, sáré dé láti ibi tó ti ń kan férémù.

"Níbo lo wà?" ló ń bi í ṣáá. "Guizhen, níbo lo wà nígbà tí wọ́n gbé e?"

Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ Guizhen, omi ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. A lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ gbogbo òpó iná. Shuisheng tẹ ojú ọmọ rẹ̀ sára àsíá ńlá kan, ó so ó mọ́ alùpùpù rẹ̀, ó kọrí sí ìpínlẹ̀ Fujian, torí àwọn èèyàn ní ibẹ̀ ni àwọn tí kò bí ọkùnrin ti máa ń ra ọmọ tí wọ́n jí gbé. Guizhen padà sídìí iṣẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni epo alùpùpù yẹn ti ń wá.

Lásìkò yẹn ni ilé ìtura kan ní kí Ọ̀gá Zhuang, tó gbà wá síṣẹ́, bá òun ya àlàpà kan náà fún gbogbo yàrá òun. Bí Guizhen ṣe ń yà á, mo ṣàdédé rí i pé níbi tó yẹ kí obìnrin apọnmi wà, ọmọdé kan ló dúró, ó wẹ̀wù pupa tí Beibei wọ̀ lọ́jọ́ tó sọnù, àpá kékeré bíi tirẹ̀ wà lókè ojú òsì.

"Màmá Beibei, kí lo wá ń ṣe yìí?"

"Ṣebí àwọn arìnrìn-àjò ló ń sùn nílé ìtura? Tí wọ́n bá jí láàárọ̀, ògiri ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ẹnì kan á ti rí i níbì kan."

"Kí Ọ̀gá má rí i o."

"Ọ̀gá kì í wo àwòrán. Férémù ló ń wò."

Àmọ́ Ọ̀gá wo àwòrán lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó o lọ.

"Ọmọ ta nìyí? Ṣé Róòmù ni wọ́n bí i sí ni?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó rí ojú Guizhen, ó tẹrí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ha á kúrò. Ohun tó wà nínú àpẹẹrẹ ni wọ́n ní ká yà."

"Ọ̀gá Zhuang, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí. Ó kéré. Kò tó èékánná."

"Tó bá kéré bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ẹ́ ha."

Kì í ṣe ìkà èèyàn. Òun náà ti gbé ìrẹsì wá fún obìnrin yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á kí oníbàárà má lọ. Nígbà tí Guizhen ò mira, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń po ọ̀dà, ó ha ọmọ inú àwòrán àkọ́kọ́ dànù. Pupa yẹn fà gbọọrọ sára òkúta. Guizhen figbe ta bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Ó já àwòrán kan gbà, ó sáré jáde.

Mo bá a ní ibùdókọ̀, ó gbé àwòrán tútù náà sáyà, ọ̀dà ti yí gbogbo ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó! Ta ló rí ọmọ yìí?"

Ọkùnrin kan dúró. "Èló ni?"

"Kì í ṣe títà!"

"Òkúta yẹn mà dáa o. Tẹ́ ẹ bá yọ ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀, mo máa rà á."

Guizhen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde, àbúrò mi," mo ní.

"Kí n dìde lọ síbo?"

Ọ̀gá fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Guizhen ń gbé àwòrán lọ síbùdókọ̀, títí awakọ̀ kan fi tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Ní abúlé àwọn àna mi, lẹ́bàá Putian ní Fujian, ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tọkọtaya kan tí wọ́n ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí. Àpá wà lójú ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ èdè ẹ̀."

A sọ fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì lọ gbé ọmọ náà. Èmi àti Guizhen wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó gbé ìrẹsì tó sè títí ó fi rọ̀ bí ògì sínú fúláàsì, ó gbé e lé itan ní gbogbo ọ̀nà, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Shuisheng ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti gbẹ bí igi.

Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú ọ̀tún ni àpá tirẹ̀ wà. Kì í ṣe Beibei.

Shuisheng kọjú sí ògiri. Guizhen kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ó ṣí fúláàsì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìrẹsì náà kó tó fi síbi bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Rọra jẹ ẹ́. Ó gbóná."

Ìyá ọmọ náà dé láti Jiangxi lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ ti èèyàn. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Guizhen, kò fẹ́ tú u sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi rí i! Ẹ̀yin ni!"

"Má tíì fún un lóúnjẹ tó le," Guizhen sọ fún un. "Inú ń run ún."

Níta, mo ní ká máa lọ sílé. Guizhen yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ti ń tún àsíá so.

"Apá ibo lo ò tíì dé?"

Shuisheng na ọwọ́ sí àwọn òkè. Guizhen gun ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n lọ. Èmi nìkan ni mo padà sí Dafen.

Wọn ò tíì rí Beibei. Guizhen máa ń pè mí lórí fóònù nígbà míì, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó pè gbẹ̀yìn, òjò ń rọ̀ níbi tí wọ́n wà, alùpùpù ti bàjẹ́, ọkọ rẹ̀ ń tì í lọ nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n padà wálé, kí wọ́n tiẹ̀ sinmi.

"Tá a bá padà," ó ní, "ta ló máa wá a?"