Ẹni Tó Pẹ́ Dé Ni Yóò Pẹ́ Lọ

Kò sí òbí tó fẹ́ràn Tísà Kàósárà ní Ìperindó, òun náà kò sì díbọ́n pé òun fẹ́ràn wọn. Láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ni wọ́n ti gbé e wá kọ́ kíláàsì kẹfà. Wọ́dà ni wọ́n ń pè é, nítorí àgádágodo tó ń fi sí géètì. Bí wọ́n bá ti kọrin àsẹ́ńbìlì tán, ó ti tì í nìyẹn. Ọmọ tó bá dé lẹ́yìn orin, kó padà sílé.

Ọ̀rọ̀ Èyítáyọ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, ló ń dùn ún jù. Orí ọmọ náà pé, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ni géètì ń tì í mọ́ lójoojúmọ́. Tísà rò pé bó pẹ́ bó yá, ojú á tì í, á máa tètè jí.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí tísà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdúntán, bàbá ọmọ náà, ló rí lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìwé, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó ń retí kí orin parí. Bí àgádágodo ti dún, ó gbé báàfù lé ọmọ lórí, wọ́n kọrí síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù.

Ọdúntán rẹ́rìn-ín. "Wọ́dà ti lé wa o."

Ó wá yé tísà. Àṣé òun gan-an lòun ń bá a wá òṣìṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kò ti géètì láàárọ̀. Gbogbo àwọn tó pẹ́ ló wọlé, kò sì na ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí agogo ìparí lù, táwọn yòókù ti lọ, ló wá ti géètì mọ́ àwọn apẹ́lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò tí wọn ò bá wọn ṣe láàárọ̀. Kò pẹ́ táwọn òbí fi dé, torí ọ̀sán ni wọ́n ń lo àwọn ọmọ láti fọ yẹ̀pẹ̀ góòlù tí wọ́n bá wà láàárọ̀.

Ọdúntán mi géètì. "Wọ́dà, ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Kò tíì ṣe tán, Bàbá Èyítáyọ̀. Ẹ wá ibì kan jókòó sí."

"Ṣé ìwọ lo bí i? Ṣé o tiẹ̀ bí ẹnì kankan?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gún tísà dé egungun, nítorí kò bí lóòótọ́.

"N kò bí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé. Bó di alẹ́, a ó wà níbí."

Ọdúntán búra pé òun ó fẹjọ́ rẹ̀ sun ọba. Èyítáyọ̀ ń wo tísà bí ẹni ń wo olè, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé títí ó fi kán. Tísà na òmíràn sí i. Ìgbà tí ìṣirò tán ló tó ṣí géètì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, orin kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọdúntán ti ọmọ náà wọ géètì. Ó tutọ́ sí ìdí òpó, kò kí ẹnikẹ́ni. Tísà náà kò kí i. Ọwọ́ ló fi júwe ibi tí ọmọ yóò dúró sí lórí ìlà.

Èyítáyọ̀ dúró síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin, òun pa ẹnu dé.