Orin Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ìyá Mi Parí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n gba ohùn ìyá mi sínú àwo orin kan tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní olónìí, èmi nìkan ni inú ń bí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ní àwo yẹn kò lẹ́gbẹ́. Àwọn òyìnbó tún un tẹ̀ ní ìlú wọn, wọ́n fi ìwé pélébé sínú páálí rẹ̀, wọ́n ní irú orin rọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀ Áfíríkà jáde rí. Níjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù sún mọ́ etí mi pé kí n gbọ́ nǹkan àràmàǹdà kan. Mo ní kó pa á. Ó rò pé ariwo gìtá ni mi ò fẹ́. Lóòótọ́ mi ò fẹ́ ariwo, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, torí bí mo bá kú láì sọ ọ́, ìyìn àwọn oníyìn nìkan ni yóò kù nílẹ̀.

Ilé bàbá ìyá mi ni à ń gbé lẹ́yìn tí bàbá mi kú, agboolé ńlá tí yàrá yí àgbàlá ká. Ìyá mi ń ta mílíìkì alágolo àti ṣúgà onípáálí ní Òkè Àrin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́jà mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó tuntun bá ń bọ̀ nílé wa, òun ni tọmọdé tàgbà máa ń wá. Ìyàwó kò gbọdọ̀ ṣàdédé wọlé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi yóò máa da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa kọrin kan tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí ìyá ìyẹn náà kọ́ òun.

Apá méjì ni orin náà ní. Ní apá àkọ́kọ́, yóò máa dárúkọ àwọn nǹkan burúkú tó lè tẹ̀lé ìyàwó dé ilé ọkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ti rí wọn. Á ní, "Àrùn ń bọ̀," àwa á gbè é pé, "Ó ti dé ẹnu ọ̀nà." Á ní, "Òfò ń bọ̀," àwa á ní, "Ó ti dé ẹnu ọ̀nà." Ìjà ń bọ̀, ẹkún ń bọ̀, gbogbo wọn ni yóò dé ẹnu ọ̀nà. Apá kejì ló fi ń lé wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Òun nìkan ló ń dá ìyẹn kọ, kò ní ègbè, bí ìyàwó bá ti ń gbé ẹsẹ̀ wọlé. Àgbà kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi parí. Àwa ọmọdé ní tiwa, bí ìyàwó bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí, àwọn ẹbí ọkọ á máa da súìtì àti bisikíìtì sílẹ̀ níta, a ó sì ti sá lọ síbẹ̀. Mo mọ ègbè orin yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Apá kejì, súìtì ni mo ń ṣà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin gbéyàwó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé wá síbẹ̀, ọmọ lọ́yà kan ní Olówógbowó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú gìtá àti irun tó kún borí. Òun ni olórí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Ó gbọ́ orin ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sinmi mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti ń wá sílé wa, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ń pè é ní Màmá, ó ní òun fẹ́ ṣe àwo kan tí ayé yóò gbọ́.

Ó ní àpò kan tó kún fún àwo àwọn òyìnbó, ó sì mọ ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn wọn kọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé ọ̀kan wá, ó ní èyí ni àwọn tó mọ̀ nípa orin sọ pé ó ju gbogbo àwo ayé lọ. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó gbé wá láti ilé wọn. Ìyá mi kó gbogbo abọ́ ilé, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n, gìtá náà kò tíì dé ibi tó ń lọ. Àbúrò ìyá mi tó ti ń mirí tẹ́lẹ̀ ti sùn lọ. Nígbà tí àwo parí, ó ta jí, ó ní, "Ó dùn gan-an." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní ó dùn gan-an. Ta ni yóò sọ pé òun kò rí ohun tí Lọ́ńdọ̀nù rí? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè yin nǹkan torí ẹ̀rù.

Ìyá mi gbà láti kọrin fún un, ṣùgbọ́n ó ka ohun méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́, a kì í kọ orin yẹn fún ẹni tí kò sí, nítorí náà ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní láti wà níbẹ̀, kí òun lè da omi sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ń sọ èkejì, ó fi ìka fa etí ara rẹ̀ bí ẹni ń kìlọ̀.

"Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, màá parí ẹ̀. A kì í fi orin yìí sílẹ̀ láàárín."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọmọ lọ́yà wí. "Gbogbo ẹ̀ la máa gbà."

Ilé kan lẹ́yìn Obalende ni wọ́n kó wa lọ, wọ́n ti lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ara ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé. Ìyàwó wa dúró sínú bàsíà, ìyá mi mú igbá omi dání, èmi àti obìnrin méjì láti agboolé wa ni a ń gbè é. Orin náà dùn lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́hun gbọ́. Ibi tí a ti parí ègbè, ikọ́ gbé mi, ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ sì ṣẹ́wọ́ pé kí wọ́n mú mi jáde. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì ni mo ti ń wo ẹnu ìyá mi tó ń kọ apá kejì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ parí. Ìyàwó wa jáde tòun ti ẹsẹ̀ tútù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí àwo náà tó jáde. Ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí rọ́ọ̀kì ti dé Èkó. Gbogbo agboolé wa péjọ sí pálọ̀ aládùúgbò wa kan tó ní ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá, a gbọ́ omi, a gbọ́ ìyá mi, gbogbo ilé pariwo ayọ̀. Àrùn ń bọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Òfò ń bọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹkún ń bọ̀. Nígbà tó dé ibi ẹkún yìí ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, títí a kò fi gbọ́ ohunkóhun mọ́ àfi abẹ́rẹ́ tó ń ha àwo. Ìyá àgbà tó dàgbà jù nílé wa béèrè pé ibo ni ìyókù wà. Wọ́n yí àwo náà sí ojú kejì. Gìtá ló wà níbẹ̀. Ìyàwó wa ti lóyún nígbà yẹn, ó rọra fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kì í ti lu àwo yìí ní gbogbo àdúgbò wa. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ohùn ìyá mi pe ẹkún wá sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń lé e lọ. Oyún oṣù márùn-ún ni, ó wálẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò sọ pé àwo ló fà á. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí Ọlọ́hun kọ ni. Ṣùgbọ́n ará ilé wa kò bi mí. Wọn kò bú ìyá mi, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Nígbà tí ìyàwó mìíràn ń bọ̀ nílé wa, wọ́n kàn gbé igbá omi fún obìnrin mìíràn, ó dà á láìkọrin. Ìyá mi wà lẹ́yìn èrò, ó ń wò wọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èmi mọ̀, torí ọwọ́ mi ló dì mú.

Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ kejì, ó pààrọ̀ ìró, ó mú mi dání, a forí lé Olówógbowó. A bá ọmọ lọ́yà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, òun àti ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn tó kọ ìyìn yẹn, wọ́n ń mu bíà. Ó dìde, ó kí ìyá mi dáadáa. Ìyá mi kò jókòó. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ìyókù orin náà sí i, tàbí kí wọ́n yọ òun kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọmọ lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti lo téèpù náà fún nǹkan mìíràn. Ó tún ní, "Màmá, sítáì ni. Na so dem dey do am for London. Ibi tí ohùn yín ti ń lọ sílẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń yìn." Oníwèé ìròyìn mirí, ó ní ibẹ̀ ló ń mú ara òun bù máṣọ.

Bó ṣe dúró yẹn, láìsí omi, láìsí ìyàwó, ìyá mi la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ apá kejì fúnra rẹ̀. Ó ní, "Omi tí a dà sílẹ̀ yìí—"

"Màmá, ó ti tó," ni ọmọ lọ́yà wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ó ti tó, ẹ má ṣe wàhálà. We get visitor."

Ìyá mi pa ẹnu dé. Ọmọ lọ́yà fọwọ́ sí àwo kan, ó fi fún un, ìyá mi sì gbà á torí ọmọ ilé rere ni. Nígbà tí a délé, ó fi í bo ìkòkò omi, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi ká kò. Mi ò tún gbọ́ orin lẹ́nu ìyá mi mọ́ títí ó fi kú. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo dàgbà pé kó kọ́ mi. Ó ní orin náà ti lọ.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé àwo ńlá ni. Ẹ ní ibi tí ohùn obìnrin yẹn ti ń pòórá, ẹwà ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹwà wo? Ìyá mi kò pòórá, wọ́n pa ohùn mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ẹ yọ òun kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Gìtá tó ń rìn gbéregbère, àti ọkùnrin kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé èyí wù mí, kò wù ọ́ ni ọ̀rọ̀ orin. Bí ó bá dùn mọ́ yín nínú tọkàntọkàn, ẹ máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí àbúrò ìyá mi tó jí lójú oorun tó ní ó dùn, mo sì ń rí i lójú ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ayé ti yí padà, mi ò ní purọ́. Nígbà tiwa, orin ní ibi tí à ń kọ ọ́ àti ẹni tí à ń kọ ọ́ fún, bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò gbọ́ ọ. Lónìí gbogbo orin ayé wà lápò yín, ẹ lè dá a dúró nígbà tó bá wù yín, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìyókù. Ìdajì tó ń pe ibi wà lọ́wọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù àti ará Amẹ́ríkà. Ìdajì tó ń lé e kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà tó gbọ́ ọ ti kú tán, kò sí lọ́wọ́ èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi gbéyàwó, èmi ni mo gbé igbá omi. Mo da omi sí ọmọbìnrin náà lẹ́sẹ̀, mo ní àrùn ń bọ̀, òfò ń bọ̀, ẹkún ń bọ̀, àwọn obìnrin ilé sì ń gbè mí. Mo dé ibi tí mo mọ̀ mọ. Mo ní, "Omi tí a dà sílẹ̀ yìí," mo sì dúró. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ọmọbìnrin náà kò gbé ẹsẹ̀, ó ń retí mi. Nígbà tó pẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sọ ọ́ lẹ́nu lásán bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lọ́jà, mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, máa wọlé."